Ọjọ́ Tí Wọ́n Tú Èmi Oníbodè Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ kó mi sí wàhálà yìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe ń jáde, ọ̀kan nínú yín dì mọ́ mi lápá, ó ní, "Mummy Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ní interview ní prison Belmarsh next week, officer ni wọ́n fẹ́ gbà. Ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ? Ẹ̀yin náà ti ṣe that kind of job." Mo ní kó jẹ́ kí n délé ná. Mo délé, mo gbé ìrẹsì kaná, mo ronú sí i, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dáhùn lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti fèrèsé níhìn-ín ní Thamesmead, ní London, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ Birchmere Park sì ń pariwo mọ́ mi létí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi. Ara àwọn obìnrin ni mò ń tú wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìjọba tó bá ní ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń dúró síbẹ̀, obìnrin ò sì lè gbà kí ọkùnrin fọwọ́ kàn án. Mo ṣe é nílé, mo ṣe é níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: mo ka ìwé mẹ́wàá, kọ́sítọ́ọ̀mù ń wá obìnrin, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ fi sílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín, inú á sì bí mi.

Ibodè kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n gbé mi lọ. Àwọn òyìnbó ló fa ìlà gba àárín ìlú náà kọjá láyé àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì mú apá kan, Faransé mú apá kejì. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn méjèèjì ti kó ẹrù wọn lọ, àmọ́ ìlà wọn kò bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n ń gbé níhìn-ín, àbúrò ń gbé lọ́hùn-ún. Igi gbọọrọ kan dábùú ọ̀nà tiwa, òmíràn dábùú tiwọn, ilẹ̀ díẹ̀ tí kò ní olúwa sì wà láàárín. Bí o bá sín níbodè wa, ẹni tó wà ní tiwọn lè kí ọ.

Màdáàmù Ṣóyẹmí ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni àfi òun fúnra rẹ̀. Láràárọ̀, yóò fi ẹ̀pà kan ṣoṣo pamọ́ sára, yóò na apá méjèèjì, yóò ní, "Ó yá, wá a." Nígbà mìíràn, inú gèlè ló wà. Nígbà mìíràn, abẹ́ ìka ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá rí i, èmi ni màá pọnmi kún àgbá ilé iṣẹ́. Omi tí mo pọn lọ́dún náà tó láti fi kún odò Thames. Bí mo bá sì rí i, ẹ má rò pé yóò yìn mí. Yóò kàn jẹ ẹ̀pà náà ni.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Fọwọ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má wo ojú obìnrin nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà lára rẹ̀. Èyí tó ga jù ni pé kí o kọ́kọ́ kí i. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tí o bá tú wò láìkí, o ti pè é lólè." Bí mo bá gbàgbé, á gbá mi lọ́wọ́ níwájú ẹni tí mò ń tú wò, á sì bá mi bẹ onítọ̀hún.

Mi ò ní parọ́, àwọn kan nínú àwọn obìnrin tó ń kọjá ń gbé ẹrù òfin lóòótọ́. Mo ti bá ẹni tó ró ìró mẹ́fà léra wọn. Mo ti bá oyún oṣù mẹ́sàn-án tó jẹ́ kìkì aṣọ. Ẹnì kan tilẹ̀ pọn ìgò ọtí méje sẹ́yìn, ó sì ń kọrin fún wọn kí wọ́n sùn. Èyí tó kù, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù, kò mú nǹkankan dání ju ẹ̀gúsí àti gààrí lọ. Àwọn yìí ló ń jìyà. Wọ́n á bọ́ aṣọ lọ́dọ̀ wa, wọ́n á wọ̀ ọ́ padà, wọ́n á rin ìṣísẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún bọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn Faransé, nítorí pé ibodè kan kò gba ọ̀rọ̀ ibodè kejì gbọ́. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó tún di ẹ̀ẹ̀mejì. Obìnrin tó lọ ra iyọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa tú ara sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo rí ìyálọ́mọ tó ń sunkún bó ṣe ń so ìró rẹ̀ nígbà kẹrin, ó sì ń dùn mí, torí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Àwọn ìyálọ́jà fẹjọ́ sùn títí ó fi dé etí àwọn aláṣẹ ìhà méjèèjì, wọ́n bá ní kí ibodè méjèèjì jọ jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé tábìlì síta sórí ilẹ̀ àárín. Ọ̀gá wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá wọn ń sọ Faransé, ògbufọ̀ kan jókòó sáàárín, òógùn bò ó. Odindi ọjọ́ kìíní, orí ibi tí tábìlì kọjú sí ni wọ́n lò ó lé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jà lórí òǹtẹ̀ ta ni kó kọ́kọ́ lu ìwé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan pé kí ibodè kan máa tú wọn wò lọ́sẹ̀ yìí, kí èkejì ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba tiwọn kò bá tiwa mu, ọ̀rọ̀ tún fọ́. Ògbufọ̀ ní orí ń fọ́ òun.

Àwa obìnrin la ń gbé omi fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bá Rósálì pàdé dáadáa. Òun ló ń ṣe ní tiwọn ohun tí mò ń ṣe ní tiwa. Obìnrin gíga ni, ó wọ kakí, Yorùbá ìlú wọn lẹ́nu rẹ̀ sì dùn bí oyin. Bó ṣe ń gbé ife sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Dúpẹ́, ṣé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò mọ ọjọ́ ọjà ni?"

Mo dúró, mo wò ó. Ọjà ọrọọrún ìlú náà kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ Faransé, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ọmọ ọwọ́ ìhà méjèèjì ló mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. A gbé e lọ bá Màdáàmù Ṣóyẹmí lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwa mẹ́ta sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọjà yìí, kí Rósálì nìkan tú gbogbo obìnrin wò, àti ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ọjà tó bá tẹ̀ lé e, kí ó kàn mí. Ẹni tí a bá ti tú wò, a ó so òwú mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, àwọ̀ òwú á sì máa yí padà lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má lè ti ilé so tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti ní òwú, ibodè kejì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Rósálì béèrè pé, "Bó bá jẹ́ ìyá ẹni ló ń kọjá ńkọ́?"

Màdáàmù ní, "Kí a tú u. Bí a bá yọ ìyá ẹnì kan sílẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó wá lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ó sì fi ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè méjèèjì bí ẹni pé orí tiwọn ló ti wá. Kò dùn wá rárá. Ìgbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá pẹ̀lú òwú pupa lọ́wọ́, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún wa, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ibi tí mo ti fẹ́ fọwọ́ ara mi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí o. Mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Léèsì funfun kan wà lọ́jà ìhà ọ̀hún, ìjọba wa sì ti fòfin dè é, kò sí iye tí èèyàn lè san kí wọ́n jẹ́ kó gbé e wọlé. Àmọ́ ojú mi ti wọ̀ ọ́. Gbogbo ajá ló ń jẹ imí, èyí tó bá jẹ tirẹ̀ mọ́nu là ń pè ní dìgbòlugi. Mo rò ó pé ta ló máa tú oníbodè wò? Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan tó kan Rósálì, mo gba ìhà ọ̀hún lọ kùtùkùtù, mo ra ọ̀pá márùn-ún, mo sì wé e mọ́ ìbàdí lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí mo ti ń mú ṣe ń ṣe é gan-an. Ọgbọ́n tí mo gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Mi ò tíì ráyè lọ bọ́ ọ nílé tí ọkọ̀ fi dé láti Èkó. Ọ̀gá àgbà kan ló wá wo àdéhùn tuntun náà, bóyá kó dúró tàbí kó dópin. Ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ igi wa, ó ń wò. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú léèsì nídìí.

Ìyá àgbàlagbà kan dé, ó ń rọra rìn, òwú ọjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Èkó tọ́ka sí i. "Èyí ńkọ́? Kí ló wà nídìí ìyá yẹn?"

Ó yẹ kí n sọ pé, "Ó ní òwú, sà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan fún yín: ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ló máa ń ṣe iṣẹ́ àṣejù. Mo di ìyá náà lọ́wọ́ mú. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi, wọ́n ní, "Wọ́n ti tú mi wò, ọmọ mi." Mo ní kí wọ́n wọlé. Mi ò kí wọn. Mo tú ìró wọn, mo bá ọ̀já tó ti gbó, wọ́n wé e lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń rùn fún òrí. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìyá náà kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n so ìró wọn, wọ́n rìn padà sáàárín ilẹ̀ tí kò ní olúwa, wọ́n sì pe orúkọ kan: "Rósálì!"

Ìyá Rósálì ni.

Rósálì sáré dé, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà sí mi. "Dúpẹ́, èmi fúnra mi ni mo tú ìyá mi wò láàárọ̀ yìí. Ìyá tó bí mi! Mo ní kí wọ́n bọ́ aṣọ níwájú mi, tìtorí àdéhùn tí èmi àti ìwọ jọ ṣe. Ṣé ohun tí ọ̀rọ̀ mi jẹ́ lójú rẹ nìyí?" Ó ju kẹ̀kẹ́ òwú sílẹ̀, ó lọ, ó sì gbé igi tiwọn dínà. Ọ̀gá wa náà bínú, ó dí tiwa. Àwọn obìnrin tó wà láàárín há sínú oòrùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹja tútù lórí, kò sí ọ̀nà síwájú, kò sí ọ̀nà sẹ́yìn.

Ọ̀gá Èkó wo aago rẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú kí òun tó lọ, òun á kọ ọ́ pé àdéhùn ti parí, kí kálukú padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Màdáàmù Ṣóyẹmí fà mí létí lọ síwájú ìyá náà, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìyá ti jókòó sórí abọ́ ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo bẹ̀. Màdáàmù bẹ̀. Àwọn obìnrin inú oòrùn ń bá wa bẹ̀, Rósálì sì dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìyá gbé ọwọ́ sókè kí ariwo dákẹ́.

"Mo ti gbọ́. Mi ò gba obì, mi ò gba owó. Èmi náà fẹ́ tú u wò ni."

Àwọn obìnrin hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wa ní kò sí nínú òfin. Màdáàmù ní, "Ó tọ́. Dúpẹ́, dìde."

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí mo bá kọ̀, àdéhùn ti lọ, gbogbo obìnrin wọ̀nyí ti padà sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Bí mo bá gbà, iṣẹ́ mi ti lọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kàn, àdéhùn náà á sì tún lọ pẹ̀lú rẹ̀, torí ta ló máa gba ibodè tí obìnrin ibẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ onífàyàwọ́ gbọ́? Mo wo igbó, mo ro ó pé kí n sá. Màdáàmù rò pé ìgbéraga ló mú kí n máa lọ́ra, ó tì mí wọlé.

Àwa méjì péré la wà nínú yàrá tí a ti ń túni wò, aṣọ ìkélé sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń gbọ́ mími àwọn tó wà níta. Ìyá bu omi láti inú ìkòkò wa, wọ́n fọ ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi." Omi bọ́ lójú mi nígbà náà, torí èmi kò kí wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọwọ́ wọn le, ó sì lọ́ra. Èjìká, àyà, apá. Ó dé ìbàdí, ó dúró. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ìka méjì tú ẹ̀wù mi díẹ̀, wọ́n rí funfun. Wọ́n gbójú sókè wò mí. Mi ò lè gbé ojú kúrò.

Wọ́n rọra béèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìgbéyàwó mi ni, Mà."

Ọmọ kan ń sunkún níta nínú oòrùn. Ìyá tẹ́tí sí i. Etí léèsì kan ti ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tì í bọ inú padà, wọ́n fà á kó le, wọ́n sì de bọ́tìnnì mi. Wọ́n wá gbé ohùn sókè kí ará ìta lè gbọ́: "Mi ò bá nǹkankan lára ọmọ yìí o!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Kí wọ́n tó ṣí aṣọ ìkélé, wọ́n súnmọ́ mi. "Má rò pé ìwọ ni mo ṣe é fún. Àwọn tó wà nínú oòrùn yẹn ni." Wọ́n sì jáde.

Rósálì mú kẹ̀kẹ́ òwú nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó wá so òwú mọ́ mi lọ́wọ́ òsì bó ṣe ń so fún gbogbo èèyàn. Igi méjèèjì gbéra. Ọ̀gá Èkó kọ ọ́ pé kí àdéhùn máa bá a lọ, ó sì ń bá a lọ títí tí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo bí àwọn obìnrin ṣe ń kọjá.

Mi ò wọ léèsì náà. Mo fi aṣọ ilé ṣe ìgbéyàwó, ìyá mi bínú, mi ò sọ ìdí. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n tú mi wò, mo gbé léèsì náà padà sí ìhà tí mo ti rà á, mo fún ìyá Rósálì. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá yìí fi ṣe? Wọ́n fi de ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Ọ̀pá márùn-ún léèsì! Wọ́n ní ẹ̀yìn àwọn náà yẹ lẹ́ni tó ń jayé.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí Woolwich, èmi àti àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Mo gba iṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ kan, iṣẹ́ kan náà, òtútù nìkan ló yàtọ̀. Mo rí i bí irinṣẹ́ ṣe yí padà. Ọwọ́ lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún wa ní ọ̀pá tó ń ké bó bá rí irin. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn tó ń ké fúnra rẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń wo inú báàgì. Àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn wa kò wo èèyàn mọ́, iná ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Èmi ṣì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Good morning, my dear," kí n tó gbé ọ̀pá náà sókè. Àwọn mìíràn ń wá síbẹ̀ nítorí ẹjọ́ ọmọ wọn, ó sì lè jẹ́ pé èmi nìkan ló máa kí wọn láàárọ̀ yẹn.

Torí náà, ọmọ mi, lọ síbi tí wọ́n ti pè ọ́ ní Belmarsh yẹn. Iṣẹ́ gidi ni. Kí o ṣáà má gbé nǹkankan wọ ẹnu ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣọ́. Àwa òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ náà, wọ́n ń tú wa wò láràárọ̀ kí a tó wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ráhùn, wọ́n ní ìwọ̀sí ni. Èmi kì í ráhùn. Mi ò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni títí di òní yìí.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, Simi ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Plumstead. Ó rí mi, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí n máa kọjá. "Mummy Dúpẹ́, just go in jọ̀ọ́. Last day yín nìyí, who's gonna check?"

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo na apá méjèèjì. "Tú mi wò, jàre. Kí o sì kọ́kọ́ kí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀, Mà." Ó fi ọ̀pá náà gba èjìká mi, ó gba ìbàdí mi, ó gba ẹsẹ̀ mi. Kò ké. Ó ní, "You're clear." Apá mi ṣì wà nínà. Ó dúró, ó wò mí. "Mummy, mo ti ṣe tán. Put your arms down now."

Mo ní, "Mo mọ̀. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ díẹ̀ sí i."